Ewé Òkun ní Èjìká Alápákan

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí kí èmi tó kọ ọ́. Bí ẹ bá ti gbé ní Ilasan rí, tàbí tí ẹ bá ti jókòó ṣe irun lọ́dọ̀ onídìrí kan ní Ajah, wọ́n á ti sọ ọ́ fún yín.

Wọ́n ní ìyá àgbà kan wà ní Jakande, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ọmọ náà fẹ́ obìnrin mìíràn sí ìlú Kóbè ní Jàpáàn, kò sì fẹ́ wálé mọ́. Wọ́n ní ìyá mọ̀. Kí ìtìjú má baà wọ ilé rẹ̀, ó fi ìwé alàwòrán kan tan ìyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ, kí ọmọbìnrin náà lè gbà pé ọkọ òun ti kú. Wọ́n ní Ọlọ́run kò fún un ṣe, àṣírí tú lójú gbogbo èèyàn.

Èmi ni ìyá náà. Mo ti gbọ́ ìtàn mi lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ pé èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Mo kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn nígbà tí obìnrin tó ń kọ́ ọ kò pọ̀, ó sì yé mi pé èèyàn lè to òótọ́ lé òótọ́ lórí kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ irọ́. Lóòótọ́ ni mo fi ìwé tan Fàrídátù jẹ. Lóòótọ́ ni àṣírí tú. Obìnrin kan sì wà ní Kóbè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìwé náà.

Ọládayọ̀ ọmọ mi ló ń kó o wálé. Ẹnjiníà ni nínú ọkọ̀ ẹrù tó máa ń gúnlẹ̀ ní Kóbè. Ìwé ìtàn ìjà ni, àwòrán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ tán, ó sì ń jáde ní apá kan tẹ̀lé òmíràn, láìlópin. Ọ̀rọ̀ Jàpáàn tó wà nínú rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọládayọ̀, tó ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ló máa ń fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí wa.

Jagunjagun inú ìtàn náà ní orúkọ tí ahọ́n wa kò gbà. Apá kan ṣoṣo ló ní, nítorí náà a sọ ọ́ ní Alápákan. Ọ̀tá rẹ̀ kì í yé rẹ́rìn-ín bó bá ń pa èèyàn. A sọ ìyẹn ní Arẹ́rìn-ín.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a máa ń ní, àwọn tó fẹ́ kà á sì pọ̀. Olúwọlé, tó ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì lẹ́bàá ilé wa, ló dá ọgbọ́n sí i. Á da ìwé náà kọ, á na okùn láti ògiri kan dé èkejì, á sì fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ so àwọn tákàdá náà kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó wá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, a ó máa kà á lọ. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jàpáàn ṣe ń kàwé. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ ṣí i, òdì ni mo ṣí i. Fàrídátù, ìyàwó Ọládayọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, bíi kéwú ni. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó gbà wọlé.”

Ọmọ onílẹ̀ Ajah ni Fàrídátù, ó ti parí kéwú kó tó wọ girama. Ilé mi ló ń gbé nígbàkigbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà lórí omi. N kò bí ọmọbìnrin. Ẹ jẹ́ kí n fi í mọ síbẹ̀.

Ní ọdún 1996, apá kejìdínlógún parí síbi tí Alápákan ti dúró ní etí òkun, tó na ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní sí erékùṣù Arẹ́rìn-ín. Ó búra pé òun yóò dé ibẹ̀. Òjò ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí.

Àfi bí ẹni da omi gbígbóná sí ilé èèrà ní ṣọ́ọ̀bù Olúwọlé lọ́jọ́ Àìkú náà.

“Kò ní í padà wá,” Bàṣírát wí. Onídìrí ni Bàṣírát, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti pálọ̀ mi. “Òkun wo ló ń gbé èèyàn tó ń dá a padà? Pẹ̀lú apá kan! Ṣé eyín ló máa fi lúwẹ̀ẹ́ ni?”

“Àǹtí Bàṣí, ẹnu yín ò dáa,” Mùnírù tó ń tún rédíò ṣe dá a lóhùn. “Òun ni wọ́n yà sí iwájú ìwé. Bí wọ́n bá pa á, ta ni wọ́n ó máa yà? Òkun?”

“Ẹ gbọ́ tèmi,” Olúwọlé ní. “Arẹ́rìn-ín ni bàbá Alápákan. Ẹ lọ wo imú àwọn méjèèjì.”

“Ó tún ti dé!” Mùnírù ké mọ́ ọn. “Gbogbo ọ̀tá ló ń di bàbá lọ́wọ́ ẹ! Ṣebí ìwọ lo ní ẹṣin ìjẹta yẹn ni ìyá ẹ̀!”

“Mi ò tíì gbà pé kì í ṣe ìyá ẹ̀.”

Wọ́n á wá kọjú sí mi. “Màmá Tíṣà, ẹ dá sí i.”

Mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọn kò tíì yà kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mú kálàmù lọ́wọ́ nìkan ló lè mọ̀, òun náà sì lè má tíì mọ̀. Wọ́n á yọ ṣùtì sí mi, wọ́n á ní ìṣirò ti ba ẹnu mi jẹ́.

Fàrídátù kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́ ní àkókò yẹn. Lẹ́tà Ọládayọ̀ ti dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ ní Àpápá, òun kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí a lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á síṣẹ́, wọ́n ní ó sọ̀kalẹ̀ ní Kóbè, àwọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó jókòó tì mí nílé ìdáná níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Màmá, bí Alápákan bá ti gúnlẹ̀, ọkọ mi náà á gúnlẹ̀.”

“Fàrídátù, ìwé ni.”

“Mo mọ̀ pé ìwé ni, Màmá.”

“Ẹni tó ń yà á kò mọ ọkọ rẹ.”

“Ọlọ́run tó mọ ọkọ mi mọ ẹni tó ń yà á.”

Láti ọjọ́ náà lọ, ó di pé kì í sùn láìkọ́kọ́ lọ wo àwọn àwòrán náà. Bí Bàṣírát bá sọ pé Alápákan ti kú, Fàrídátù kì í jẹun. Bí Mùnírù bá sọ pé yóò yè, á se ọbẹ̀ tó tó fún èèyàn mẹ́ta.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúró wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Fàrídátù lọ sí Ajah. Ọ̀rẹ́ Ọládayọ̀ ni Dúró, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀ láti jókòó. Ó gbé apá kọkàndínlógún ìwé náà lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá, ó sì sọ ohun tó wá sọ. N óò sọ ọ́ fún yín kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀.

Bàṣírát wà lẹ́yìn ògiri. Ó gbọ́ tí Dúró ní “obìnrin kan ní Kóbè.” Ó gbọ́ tí èmi náà ní, “Fàrídátù kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ.” Ohun méjèèjì tó gbọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe sọ wọ́n. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Dúró lọ tán, mo ṣí ìwé náà, láti ọwọ́ ọ̀tún. Alápákan wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ìjì dé. Ọkọ̀ fọ́. Orí rẹ̀ yọ láàárín ìgbì, lẹ́yìn náà kò yọ mọ́. Òkun nìkan ló kù. Ojú ìwé méjì tó kẹ́yìn wá gbé e jókòó nínú ahéré ìyá arúgbó kan ní èbúté, lẹ́bàá iná, ó mú àwo lọ́wọ́, ó ń mu omi ọbẹ̀.

Ó yè.

Inú bí mi sí àwòrán náà bí ẹni pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí Fàrídátù níwájú okùn yẹn, tó ń pariwo pé ọkọ òun ti gúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ pariwo ayọ̀ náà.

Èrò tó wá sí mi lọ́kàn kò wá bí ẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló wọlé bí ológbò. Ojú ìwé méjì péré ni. Bí ahéré bá ṣáájú ọkọ̀, yóò dà bí ẹni pé Alápákan lọ dágbére fún ìyá arúgbó náà kó tó wọ omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjì. Lẹ́yìn ìjì, òkun òfìfo. N kò níí fi àwòrán kankan kún un, n kò níí yọ ọ̀kankan. Ìparí nìkan ni n óò mú, n óò fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

N kò gbé e fún Olúwọlé. Mo gbé e lọ sí Ajah, mo fi bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ní kí ọmọbìnrin tó ń dà á kọ níbẹ̀ má wulẹ̀ tò ó. Èmi fúnra mi ni mo tò ó.

“Ẹ ti da tiyín kọ kẹ̀, Màmá?” Olúwọlé bi mí nígbà tí mo gbé e dé. “Ṣé iṣẹ́ mi ti burú ni?”

“Ọ̀nà mi ló gba Ajah.”

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n so ó kọ́. Wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ariwo wọn sì ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òsì. Níwájú òkun òfìfo, gbogbo wọn dúró.

“Ó kú?” Mùnírù béèrè. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Bàṣírát tó ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ sunkún. Fàrídátù kò sunkún. Ó wo tákàdá tó kẹ́yìn náà títí, ó sì bá mi wálé. Ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

“Màmá, ṣé èèyàn lè kú kí ara ilé rẹ̀ má mọ̀?”

“Ó lè ṣẹlẹ̀.”

Ó mi orí. Mo ronú pé ó ku díẹ̀. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́.

Ṣùgbọ́n mo gbàgbé irú èèyàn tí mo ń bá lò. Àwọn tó ti ń jiyàn lórí imú àti ẹṣin kì í wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì, Mùnírù gbé gíláàsì tó fi ń wo inú rédíò wá. Ó ní òun kò gbà. Ó ní ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, pé àwọn ará Jàpáàn kì í pa olórí ìtàn wọn bí ẹni pa adìẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ojú gbo àwòrán kọ̀ọ̀kan. Níwájú ahéré ló ti dúró.

“Olúwọlé, wá wò ó. Kí lèyí léjìká ẹ̀?”

“Àkísà ni. Ṣebí tálákà ni.”

“Àkísà tó ní ewé?”

Fàrídátù dìde. Ó gba gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ etí òkun ni, kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

“Ewé òkun ni. Ó kún etí omi wa.”

“Kí ló wá ń ṣe léjìká ẹni tí kò tíì wọ omi?” Mùnírù bi í.

Fàrídátù tún tẹ̀ mọ́ tákàdá náà. “Omi ń kán létí aṣọ ẹ̀,” ó ní. “Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ àpótí tó jókòó lé. Ó tutù.”

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mo ṣì ń rí bí mo bá di ojú. Ó tú pẹ́ẹ̀gì tákàdá méjèèjì. Ó gbé wọn lọ́wọ́, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó kọjá ọkọ̀, ó kọjá ìjì, ó kọjá òkun òfìfo, ó sì so wọ́n kọ́ sí ìpẹ̀kun, lọ́wọ́ òsì.

“Ó gúnlẹ̀!” Mùnírù fò sókè. “Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olúwọlé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ojú mi ló ń wò.

“Màmá Tíṣà, ta ló tò ó?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ṣì í tò ni, àbí?”

Ó na ọ̀nà àbáyọ sí mi, ọmọlúàbí ni. N kò lè gbà á. Mo ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé bí ohun kan ṣe tẹ̀lé òmíràn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣì. “Rárá,” mo ní.

“Ẹ ò rí i!” Ohùn Bàṣírát gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. “Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ń pa á mọ́ra ni! Dúró wá síbí! Ó ní obìnrin wà ní Kóbè! Ìyá yìí ní Fàrídátù ò gbọdọ̀ gbọ́! Ọmọ ẹ̀ ló ń bò láṣìírí, ló fi fẹ́ sọ aláàyè di òkú!”

Fàrídátù yíjú sí mi. Kò gbé ohùn sókè.

“Màmá, Dúró wá?”

“Ó wá.”

“Obìnrin wà ní Kóbè?”

“Ó wà.”

“Ṣé ọkọ mi wà láàyè?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn rí. Mo pa ẹnu dé.

“Ó wà láàyè,” ni Fàrídátù wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. “Kó fẹ́ mẹ́wàá! Kó ṣáà wà láàyè!”

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ajah. Ó tú tákàdá ahéré náà lórí okùn, ó mú un lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ó fi férémù sí i, pé ó gbé e kọ́ sí òkè ibùsùn rẹ̀, nítorí ìkọ̀wé pẹ́ńsù ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀: “Ó dìgbóṣe, Màmá.” Ó ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé òkú kì í kọ̀wé.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. N kò gba iwin gbọ́, n kò sì níí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó mi. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ láti ìhà òkun, mo máa ń mọ̀ pé ẹnìkan dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó, ó ń retí kí n sọ fún un bóyá ó ti gúnlẹ̀ tàbí kò tíì gúnlẹ̀. Ní òwúrọ̀, mo máa ń fi àkísà nu ilẹ̀ ibẹ̀ kí n tó wò ó. N kò fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù.

Ní oṣù tó kọjá, Sìlífátù, àbúrò bàbá Fàrídátù, wá bá mi.

“Ìyá Ọládayọ̀, a ò bá ìjà wá. Habeeb fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, èèyàn dáadáa ni. Fàrídátù kọ̀. Ó ní òun ní ọkọ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ọmọ yín. Bí kò bá ní í wálé, kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ wa lè rí ayé lọ.”

Mo tẹ́tí sí i títí tó fi parí. Mo sì dá a lóhùn pé, “Màá kọ ọ́.”

Lẹ́tà náà ni ẹ ń kà yìí. Sìlífátù sọ fún mi pé Fàrídátù kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn yìí kọjá òun ní oríta Ajah, pé ojú ewé yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Nítorí náà òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ fún wa láyè díẹ̀.

Fàrídátù, ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ ilé wa ni pé a kì í gbé òkú ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kó máa kéde. Àgbà ẹbí ló yẹ kó gbọ́, kó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Dúró wá àgbà nínú ẹbí wa tì, èmi nìkan ló bá. Ó ní ibà mú Ọládayọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Kóbè, obìnrin kan ní Kóbè, opó arúgbó tó ń gba àwọn atukọ̀ sílé, ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú, òun ló sì sin ín. N kò ní ẹnu tí n óò fi sọ ọ́ fún ọ. Mo wá ìwé tí yóò bá mi sọ ọ́, ìwé náà kọ̀, mo sì tò ó bó ṣe wù mí.

Nígbà tí wọ́n tú àṣírí mi, tí o rẹ́rìn-ín, mo rí i pé ibì kan ṣì wà láyé tí ọmọ mi ti wà láàyè. Ojú rẹ ni. Mo fi ọdún mẹ́ta nínú ayé rẹ tu ara mi nínú. Èyí ni mo ṣe sí ọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ.

Jókòó ṣe opó rẹ, kí o sì lọ fẹ́ Habeeb bí ó bá wù ọ́.

Sọ férémù náà kalẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Ọládayọ̀ ní ìkọ̀wé nígbà tó wà ní kékeré, kò ṣòro fún mi láti kọ bí ó ṣe ń kọ. Ìwé tí Dúró gbé wá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Pẹ́ńsù ọkọ rẹ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì dáwọ́ dúró níbi tí ìjì ti fọ́ ọkọ̀. Ojú ìwé méjì ti ahéré, kò kọ nǹkan kan sí wọn.